Ìtàn ogun lẹ́nu àwọn tó jà á: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé gbọ́ ọ

Ìròyìn ò tó àfojúbà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa Ogun Àgbáyé Kejì, orúkọ Hitler àti Churchill ni wọ́n máa ń há sórí. Ta ló ń sọ fún wọn pé ọmọ Ẹ̀múré-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, wà nínú igbó Bọ́mà níbi tí ìbọn ti fọ́ ọ lẹ́sẹ̀?

Olóògbé Isaac Fádóyèbò ni à ń wí. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun lọ́dún 1942. Ó bá Ìpín Ológun 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn tó ń lo àmì aláǹtakùn, lọ sí Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́ létí odò Kaladan. Fádóyèbò fara gbọta, kò lè dìde. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni wọ́n jọ wà nínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan, Shuyiman, ló ń bọ́ wọn, tó sì tún fi wọ́n pamọ́ sínú ilé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé bí àwọn ará Japan bá gbọ́, ẹ̀mí òun àti ti ẹbí òun lè lọ sí i. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n lò kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó rí wọn.

Ọ̀gágun wo ló máa kọ èyí sínú ìwé rẹ̀? Fádóyèbò fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1999. Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Shuyiman. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni bàbá náà jáde láyé.

A ò ní kí olùkọ́ gba gbogbo ohun tí arúgbó bá sọ bí ẹní gba ìwé mímọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí Fádóyèbò tó kọ tirẹ̀. Kí àwọn ọmọ bèèrè: ibo ló wà? Èwo ló fojú rí, èwo ni wọ́n sọ fún un? Kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù àti àkọsílẹ̀ àwọn ológun. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, kì í ṣe pé ẹnì kan purọ́ ni. Ẹni tó ń darí ogun ò mọ bí ebi ṣe ń pa ẹni tó fara gbọgbẹ́ lábẹ́ igi.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé àwọn tó lọ Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ku àwọn tó ja ogun abẹ́lé wa, 1967 sí 1970. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti lé ní 75 báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábúlé mọ̀ wọ́n. Àwọn míì ṣì ń dààmú kiri nítorí owó ìfẹ̀yìntì. Lọ́dún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ kéde ìpadàbọ̀ ẹ̀kọ́ ìtàn, èyí tí wọ́n ti yọ kúrò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré láti sáà 2009/2010. Kí ló dé tí a ò pe àwọn bàbá wọ̀nyí wá sí kíláàsì?

Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá àti ọmọ Ígbò lè jọ jókòó lórí àga kan náà níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí wọ́n wá ẹni tó wà lọ́dọ̀ Biafra náà, àti ìyá tó sá lógun. Bí bàbá kan bá sì ní òun ò ní sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó kú, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ tó láti gba ohùn sílẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ tọrọ àyè, kí wọ́n kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí bàbá ti sọ̀rọ̀, kí ẹ̀dà kan wà nílé ìwé, kí òmíràn wà lọ́wọ́ ẹbí.