Haastrup: Orúkọ Abúlé Òkèèrè Tó Gun Orí Ìtẹ́ Ọmọ Odùduwà

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kò sí ọmọ Yorùbá tí òwe yìí ṣàjèjì sí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òwe náà ka iwájú ìdílé ọba kan ní Ilẹ́ṣà, ọ̀rọ̀ a di àlọ́. Ilé wo ni a wò kí a tó sọ ìdílé náà ní Haastrup? Orúkọ yìí kì í ṣe ti Yorùbá. Kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dé ilẹ̀ wa. Láàárín àwọn òyìnbó pàápàá, ó ṣọ̀wọ́n.

Síbẹ̀, láti ọdún 1896, ẹni mẹ́ta tí ń jẹ́ orúkọ yìí ni ó ti gun orí ìtẹ́ Ọwá Obòkun ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Èkíní ni Frederick Kumokun Adedeji Haastrup, tí ó jọba láti 1896 sí 1901. Èkejì ni Alexander Ademuyiwa Haastrup, tí ó jọba láti 1942 sí 1956. Ẹ̀kẹta ni Clement Adesuyi Haastrup, tí a kéde gẹ́gẹ́ bí Ọwá tuntun ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, lẹ́yìn tí Ọba Adekunle Aromolaran wàjà ní ọdún náà. Orúkọ oyè kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ: Ajimoko Kìíní, Ajimoko Kejì àti Ajimoko Kẹta.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ilé-Ifẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Láti Ifẹ̀ dé Ilẹ́ṣà kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, Ifẹ̀ sì ni ìtẹ́ Ọwá ti ṣẹ̀. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé nígbà tí ojú Odùduwà fọ́, a ní omi òkun ni a ó fi wò ó sàn. Àwọn ọmọ yòókù kò gbà láti lọ. Ajíbógun ni ó gbéra, tí ó lọ bu omi òkun wá. Ó pẹ́ lájò tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi rò pé kò ní padà bọ̀ mọ́. Nígbà tí ó dé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ogún, wọ́n ti kó adé lọ. Idà ni bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Láti inú ìrìn àjò yẹn ni orúkọ Obòkun ti wá. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ajíbógun dáadáa, kò ní ṣòro fún un láti lóye ìtàn Kumokun Haastrup.

KÍ NI À Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ ỌMỌ?

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wọ agbo ilé ní Ìrẹmọ tàbí ní Mọ̀ọ̀rè ní Ilé-Ifẹ̀, tí ó sì dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, orúkọ rẹ̀ nìkan kò tó fún ẹni tí ó kí. Ohun tí bàbá àgbà yóò bi í ni pé, "Ọmọ ta ni ọ́? Agbo ilé wo ni o ti jáde wá?" Ìdí ìbéèrè yìí kò fara sin. Ní ayé àtijọ́, Yorùbá kò ní ohun tí a ń pè ní orúkọ ìdílé lónìí. Ọmọ lè ní orúkọ àmútọ̀runwá, bíi Àjàyí tàbí Òjó. Ó ní orúkọ àbísọ, tí ń sọ ipò tí ilé wà nígbà tí a bí i. Ó ní oríkì tí a fi ń kẹ́ ẹ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ní orílẹ̀, èyí tí ń so ó mọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀. Ìwé orúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ọ́fíìsì ìjọba ni ó sọ orúkọ bàbá kan ṣoṣo di èyí tí gbogbo àrọ́mọdọ́mọ ń jẹ́.

Ní Ifẹ̀ gan-an, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í sọ ibi tí ọ̀rọ̀ jinlẹ̀ sí. Ìdílé mẹ́rin ni ó ń jọba níbẹ̀: Ọ̀ṣinkọ́lá, Gíẹ̀sí, Ògbórù àti Láfogídò. Ọba Adesoji Aderemi, tí ó jọba láti 1930 sí 1980, jáde láti ìdílé Ọ̀ṣinkọ́lá. Ọba Okunade Sijuwade, tí ó jọba láti 1980 sí 2015, jáde láti ìdílé Ògbórù. Ọba Adeyeye Ogunwusi, tí ó gorí ìtẹ́ ní 2015, jáde láti ìdílé Gíẹ̀sí. Nínú Aderemi, Sijuwade àti Ogunwusi, kò sí èyí tí ó dárúkọ ìdílé tí ọba náà ti wá. Ẹni tí ó mọ ìtàn ni ó lè tọ́ka sí i. Bí orúkọ tí a fi èdè Yorùbá sọ kò bá lè dá dúró láìsí ìtàn, mélòómélòó ni èyí tí ó ti òkèèrè wá?

ÀBÀ NI HAASTRUP

Ilẹ̀ Denmark ni orúkọ náà ti ṣẹ̀. Abúlé kan wà ní erékùṣù Fyn ní ilẹ̀ náà tí ń jẹ́ Håstrup. Ìparí orúkọ yìí wá láti inú "torp", ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí ó túmọ̀ sí ibùdó kékeré tí àwọn ènìyàn yà kúrò ní ìlú lọ tẹ̀ dó nítorí iṣẹ́ oko. Bí ará Ifẹ̀ bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, àbà ni yóò pè é. Nígbà tí àwọn jagunjagun Denmark gba apá kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dání. Òun ni ó wà nínú orúkọ ìlú bíi Scunthorpe, òun náà ni ó di orúkọ ìdílé Thorpe láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1948, Denmark yí àkọtọ́ èdè wọn padà. "Aa" di "å". Orúkọ abúlé gba àkọtọ́ tuntun. Ti Ilẹ́ṣà kò yí padà. Bí a ṣe ń kọ ọ́ ní ayé ẹni tí ó gbé e wá sí Áfíríkà ni a ṣì ń kọ ọ́ títí di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé láti ìpilẹ̀ ayé ni àwọn òyìnbó yìí ti ń jẹ́ orúkọ ìdílé. Láàárín àwọn ará oko Denmark, ọmọ Hans ni ó ń jẹ́ Hansen. Bí Hansen náà bá ń jẹ́ Peter, Petersen ni ọmọ tirẹ̀ yóò jẹ́. Ọdún 1828 ni ìjọba wọn pàṣẹ pé kí a máa fún ọmọ ní orúkọ ìdílé tí kì í yẹ̀ nígbà ìrìbọmi. Àṣẹ ìjọba àti ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni ó mú wọn ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ó ti mú àwa náà.

BÍ ÀBÀ ṢE DI TI ỌMỌ ỌBA

Báwo wá ni orúkọ àbà ilẹ̀ Denmark ṣe dé orí ọmọ ọba Ìjẹ̀ṣà? Òwò ẹrú ni ó fà á. Ní ọdún 1807, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò náà. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ ogun wọn ń gba àwọn ẹrú lójú òkun, tí wọ́n sì ń kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú lọ, tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan, àwọn ènìyàn wa pọ̀ lọ́hùn-ún débi pé a fún wọn ní orúkọ tiwọn, Akú, nítorí pé "ẹ kú" ni wọ́n fi ń kí ara wọn láàárọ̀ àti lálẹ́.

Níbẹ̀ ni ìrìbọmi ti ń sọ ènìyàn lórúkọ tuntun. Orúkọ míṣọ́nnárì tàbí ti olóore kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà máa ń fi fún wọn. Àjàyí ọmọ Òṣogùn ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825. Ó jẹ́ orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà kan ní London. Kumokun náà, tí a tà sóko ẹrú nígbà èwe rẹ̀, bọ́ lóko ẹrú ní Sàró. Niels Christian Haastrup, ọmọ Denmark kan tí ó ń ṣiṣẹ́ fún C.M.S. níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1840, ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó wo ilé Kumokun kí ó tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ọgbẹ́ ni orúkọ náà hù lé. Ó sì ní ìpalára tirẹ̀, nítorí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ a máa da ìran pọ̀. Ní Denmark, ibi tí baba ńlá ẹni ti wá ni Haastrup ń tọ́ka sí. Ní Freetown, ẹni tí a bá pàdé ni orúkọ ń tọ́ka sí. Ẹ wo Johnson: Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn Yorùbá jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, James Johnson tí ó di bíṣọ́ọ̀bù jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Ìjẹ̀bú, George William Johnson sì ni ó ṣe ìjọba ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá ní ọdún 1865. Orúkọ kan náà, orílẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá fi Johnson nìkan wá ìbátan, ilé onílé ni yóò bọ́ sí.

ỌMỌ TÍ KÒ GBÀGBÉ

Ohun tí ó gba Kumokun là ni pé kò jẹ́ kí orúkọ tuntun pa ti àtijọ́ rẹ́. Ó padà dé Èkó, ó sì wà lára àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ogun Kírìjì dé, láti 1877 sí 1893, ó wà lára àwọn tí ó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn jagunjagun tí ó dojú kọ Ìbàdàn. Ifẹ̀ mọ adùn àti ìkorò ogun yẹn. Ẹ̀gbẹ́ Èkìtìparapọ̀ ni Ifẹ̀ wà; ní ọdún 1882 a kó Ilé-Ifẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì di ìsáǹsá títí di ọdún 1894 tí wọ́n tó padà wá tún ìlú tẹ̀ dó. Nígbà tí a sì ń wá àlàáfíà, tí a fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, Samuel Johnson àti Charles Phillips, àlùfáà méjì tí ń jẹ́ orúkọ òyìnbó, ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibùdó kan dé èkejì. Kò sí ọba tàbí balógun tí ó bi wọ́n léèrè ìtumọ̀ Johnson. Ohun tí ó jẹ́ kí a gbà wọ́n ni pé ọmọ ilé ni wọ́n.

Ní ọdún 1896, Kumokun di Ọwá. Bí Ajíbógun ti lọ sí òkun tí ó sì padà bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé Ajíbógun fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, omi ni ó sì bù bọ̀. Kumokun ni a fi agbára kó lọ, orúkọ àlejò sì ni ó gbé bọ̀. Kì í ṣe Haastrup ni ó mú un jọba. Kumokun tí ó jẹ́ ọmọ ọba ni ó jọba, Haastrup kàn bá a wọ ààfin ni.

Àwọn mìíràn tọ ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1887, William Davies, tí a bí ní Guyana fún òbí Yorùbá, bọ́ orúkọ náà sílẹ̀, ó di Orishatukeh Faduma. Ní ọdún 1894, David Brown Vincent di Mojola Agbebi. Wọ́n ní kò yẹ kí ẹni tí ó ti gba òmìnira máa jẹ́ orúkọ olówó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá wọn wí. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá pààrọ̀ orúkọ tí kò sì mọ agbo ilé rẹ̀, aṣọ lásán ni ó pààrọ̀. Bí ó bá sì di orúkọ àlejò mú, tí ó mọ agbo ilé, tí ó mọ oríkì, tí ó sì mọ ọ̀nà tí àlejò náà gbà wọlé, ilé rẹ̀ kò tíì sọnù.

Ibi tí ewu wà lónìí nìyí, kì í sì í ṣe fún àwọn ọmọ Sàró nìkan. Ọmọ Ifẹ̀ tí a bí ní London tàbí ní Houston lè máa jẹ́ orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé, kí ó má sì mọ̀ bóyá Ìlódè ni baba ńlá rẹ̀ ti jáde tàbí Ìrẹmọ. Orúkọ náà wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, oríkì kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú bàbá àgbà tí ń béèrè agbo ilé, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń jẹ́ Johnson tí kò mọ ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn òbí àti àwọn ìyá àgbà ni láti fi orúkọ ìlú, ti àdúgbò, ti agbo ilé àti oríkì bàbá àti ti ìyá lé ọmọ lọ́wọ́, kí wọ́n sì kọ wọ́n sílẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè. Ọmọ tí ó bá ní èyí lọ́wọ́, kò sí òkun tí ó lè gbé e lọ tí kò ní mọ ọ̀nà ilé. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ ni yóò gbẹ.