Lékèélékèé àti Ẹyẹ Aládé: Èwo Nínú Wọn Ni Ewu Wà Fún?

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹni tí ó ń ti Ìkìrun lọ sí Ìbà, tàbí tí ó ń gba Inísà kọjá sí Òkukù, yóò rí lékèélékèé tí wọ́n ń tẹ̀ lé màlúù kiri pápá. Yorùbá ka ẹyẹ yìí mọ́ ẹfun, bí wọ́n ti ka agbe mọ́ aró, tí wọ́n sì ka àlùkò mọ́ osùn. Ṣùgbọ́n ẹyẹ omi mìíràn wà, èyí tí a sábà máa ń kà sí ẹyẹ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò fojú rí rí. Òun ni ẹyẹ aládé, Balearica pavonina. Ara rẹ̀ dúdú, apá rẹ̀ funfun, ìyẹ́ aláwọ̀ wúrà sì dúró ṣánṣán lórí rẹ̀ bí adé.

Ẹyẹ méjèèjì ní ẹsẹ̀ gígùn, àwọn méjèèjì sì ń jẹ kòkòrò. Kí ló dé tí ọ̀kan ń pọ̀ sí i tí èkejì ń dín kù?

Tata tí ẹsẹ̀ màlúù bá lé jáde nínú koríko ni oúnjẹ lékèélékèé. Nítorí náà, bí ènìyàn ti ń ṣán igbó tí ó sì ń da ẹran, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó fò kọjá òkun dé Gúúsù Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di 1953, ó ti ń pamọ ní Florida. Àjọ IUCN kò kà á mọ́ ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ aládé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ àbàtà ní ìhà Àríwá, bí àgbègbè Hadejia àti Nguru, ni ibùgbé rẹ̀; inú koríko tí omi yí ká ni ó ń yé ẹyin díẹ̀ sí. Ọ̀dá ọdún 1970 sí 1989, ìsédò, oko dídá sínú àbàtà, àti mímú un láàyè fún títà ni wọ́n dín in kù. Ní 2010, IUCN kà á mọ́ ẹ̀dá tí ewu ìparun dojú kọ. Ní Nàìjíríà, ó ti ṣọ̀wọ́n gidigidi.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ lékèélékèé kì í ṣe ẹ̀rí pé àbàtà wà ní àlàáfíà, nítorí ó lè jẹun lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Olùkọ́ tí ó bá kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí etí odò Ọ̀tìn kò gbọdọ̀ ka ẹyẹ funfun nìkan. Kí ó wá àwọn tí kò lè fi omi sílẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ.