Àròkọ Aṣàlàyé: Ohun tí Kì í Jẹ́ kí Bàálù Kọlu Ara Wọn Lórí Ilẹ̀

Bí a bá dárúkọ ìjàǹbá bàálù, ojú òfurufú ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ. Bẹ́ẹ̀, orí ilẹ̀ ni èyí tí ó pa ènìyàn jù lọ nínú ìtàn ìjàǹbá bàálù ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí o ṣàlàyé bí bàálù ṣe ń rìn ní pápákọ̀ òfurufú, má ṣe fi odidi ojú ìwé kan ròyìn ẹwà ilé àti àwọn èrò tí ń ru àpótí. Mo ti ka irú rẹ̀ rí láìmọye ìgbà. Ohun tí ó yẹ kí o wádìí ni bí ọkọ̀ tí apá rẹ̀ lè gùn tó mítà 60, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ mìíràn ni í tì í bí yóò bá fi ẹ̀yìn rìn, ṣe ń gba àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Oríṣi ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkíní ni ọ̀nà ńlá tí bàálù ti ń sáré gbéra, tí ó sì ń bà sí. Èkejì ni àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí ó ń gbà láti ibi tí èrò ti wọlé títí dé ẹnu ọ̀nà ńlá. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Ọ̀nà ńlá ní tirẹ̀ a máa jẹ́ nọ́ńbà, láti ara kọ́ńpáàsì ni wọ́n sì ti ń mú un. Ní pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, ọ̀nà ńlá méjì ni ó wà. Ẹni tí ó bá kọjú sí gúúsù lórí wọn kọjú sí dígíírì 180. Ìdí nìyí tí ọ̀kan fi ń jẹ́ 18R, tí èkejì sì ń jẹ́ 18L, ti ọ̀tún àti ti òsì. Ní òru, iná búlúù ni ó wà létí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, funfun sì ni ti ọ̀nà ńlá.

Ibi tí ewu wà jù ni ibi tí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ti pàdé ọ̀nà ńlá. Wọ́n a kun ìlà yẹ́lò mẹ́rin síbẹ̀: méjì gùn láìjá, méjì já ní kéékèèké. Fi ara rẹ sí ipò awakọ̀. Bí ìlà tí kò já bá ni ó kọ́kọ́ kàn ọ́, dúró. O kò gbọdọ̀ kọjá láìgba àṣẹ. Pátákó pupa tí a fi funfun kọ nọ́ńbà sí a máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn pápákọ̀ mìíràn sì tún ń to iná pupa dábùú ọ̀nà.

Àmì nìkan kò tó. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lórí rédíò lọ́wọ́ olùdarí, kí ó sì tún àṣẹ náà sọ padà kí olùdarí lè mọ̀ pé ohun tí òun sọ gan-an ni ó gbọ́. Bí ibi tí ó wà kò bá dá a lójú, kí ó dúró, kí ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ohun kékeré, àmọ́ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Tenerife.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, bọ́ǹbù bú ní pápákọ̀ Gran Canaria, ní àwọn erékùṣù Canary tí í ṣe ti Sípéènì. Wọ́n darí àwọn bàálù tí ń lọ síbẹ̀ sí pápákọ̀ Los Rodeos ní Tenerife, erékùṣù tí kò jìnnà sí i. Ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n dí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ó tó àkókò àtilọ, ó di dandan kí àwọn ọkọ̀ gba orí ọ̀nà ńlá fúnra rẹ̀ dé ìparí, kí wọ́n tó yí padà láti gbéra. Boeing 747 ti KLM ilẹ̀ Họ́láńdì lọ ṣáájú; 747 ti Pan Am ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí Pan Am yà kúrò ní ẹnu ọ̀nà kẹta, ṣùgbọ́n kùrukùru ti bolẹ̀, ó sì kọjá ẹnu ọ̀nà náà. Olùdarí kò rí ọ̀kankan nínú wọn láti ilé ìṣọ́, kò sì ní rédà tí yóò fi wo orí ilẹ̀.

KLM ti yí padà. Wọ́n ti ka ipa tí yóò tọ̀ lójú òfurufú fún un, wọn kò tíì ní kí ó gbéra. Ó wí lórí rédíò pé àwọn ti wà lẹ́nu ìgbéra. Olùdarí dáhùn pé ó dára, ó sì fi kún un pé kí ó dúró de ìpè òun. Ní àkókò kan náà gan-an, Pan Am ké pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohùn méjèèjì kọlu ara wọn. Yàtọ̀ sí “ó dára”, ariwo ni KLM gbọ́. Ẹnjiníà inú rẹ̀ béèrè bóyá ọkọ̀ kejì kò tíì kúrò. Ọ̀gá awakọ̀, tí ó ti ń sáré lọ, dáhùn pé ó ti kúrò. Àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Ti ọjọ́ náà pa ènìyàn 583. Àwọn 61 tí ó là, inú Pan Am ni gbogbo wọn wà.

Láti ìgbà náà ni a kò ti gbọdọ̀ dárúkọ “ìgbéra” lórí rédíò àfi nígbà tí a bá ń fún ọkọ̀ ní àṣẹ rẹ̀, tàbí tí a bá ń gbà á padà. Wọ́n sì ń kọ́ àwọn igbákejì awakọ̀ láti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ wọn, bí ọ̀gá tilẹ̀ kọ̀. Èmi rò pé èyí ṣòro fún ènìyàn ju kíkọ́ àmì ojú ọ̀nà lọ.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ní pápákọ̀ Haneda ní Tokyo, wọ́n sọ fún ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Japan pé kí ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ńlá, àti pé òun ni nọ́ńbà kìn-ín-ní lórí ìlà. Awakọ̀ rẹ̀ rò pé wọ́n ti ní kí òun wọlé. Iná pupa ẹnu ọ̀nà náà kò sì ṣiṣẹ́ lákòókò yẹn, nítorí àtúnṣe. Bàálù Japan Airlines bà lé e lórí, iná sì ràn. Márùn-ún kú nínú ẹ̀ṣọ́ mẹ́fà. Ènìyàn 379 tí ó wà nínú bàálù kejì jáde láàyè, kí iná tó jó o tán.