ÌWÚKÀRÀ WO LÓ YẸ FÚN ỌTÍ TÍ A Ń PỌN NÍLÉ?

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan àwọn tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, bùrùkùtù àti pítò tà ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàǹdó. Ó kan àwọn tó ń ta yíìsì lórí àtẹ náà. Bí ọtí bá bàjẹ́ nínú ìkòkò, àgbàdo ti lọ, igi ìdáná ti lọ, owó àjọ tí a kó sí i náà ti lọ. Àwọn kan á ní ayé ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ayé, ìwúkàrà ni.

Kí ni iṣẹ́ ìwúkàrà? Ohun ẹlẹ́mìí ni, àmọ́ ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí i. Tí a bá mú kí àgbàdo tàbí ọkà bàbà hù, tí a sá a, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì sè é, omi rẹ̀ á dùn. Adùn yẹn ni ìwúkàrà ń jẹ, tó ń sọ di ọtí, tó sì ń tú afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde. Louis Pasteur, ará Faransé, ló kọ ọ́ síta ní 1857 pé ohun ẹlẹ́mìí ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní 1883, Emil Christian Hansen ya oríṣi kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní ilé ìpọntí Carlsberg ní Denmark. Látìgbà náà ni àwọn ilé ìpọntí ńlá ti ń ṣa ìwúkàrà bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣa irúgbìn.

Mẹ́rin ni èyí tí a lè lò.

Èkíní ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìkòkò àná. Òun làwọn ìyá wa ń lò. Ní Benin, kpètè-kpètè ni wọ́n ń pe ti ọtí tchoukoutou. Ní Gánà, àwọn obìnrin tó ń pọn pítò máa ń ki okùn híhun bọ inú ọtí tó ń hó, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á tún lò ó fún òmíì. Kò náni lówó, ooru wa sì ti mọ́ ọn lára. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohun tó ń mú ọtí kan wà nínú rẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń lò ó. Ìkòkò tí ọtí rẹ̀ dùn nìkan ni kí ẹ bù ú. Èyí tó bá ti kan gógó, ẹ dà á nù.

Èkejì ni yíìsì búrẹ́dì. Ó ń ṣiṣẹ́ kíákíá, kò sì ṣòro rí. Àmọ́ torí kí ìyẹ̀fun lè wú ni wọ́n ṣe ṣà á, kì í sílẹ̀ dáadáa, ọtí á máa rí dúdúrú, á sì máa rùn bíi búrẹ́dì. Ẹ ṣọ́ra o: bread improver kì í ṣe yíìsì, kò lè sọ nǹkan kan di ọtí.

Ẹ̀kẹta ni ẹmu tútù. Ìwúkàrà pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ohun tó ń mú nǹkan kan náà pọ̀ níbẹ̀, kì í jẹ́ kí ọtí pẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni ti inú páálí táwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń rà láti pọn ọtí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní pale ale. Ó mọ́, ó ń sílẹ̀ dáadáa. Ibi tí wàhálà wà ni pé dígírì 18 sí 22 ló ń fẹ́. Nínú ilé wa ní Alímọ́ṣọ́, a máa ń rí 28 sí 32. Tí ooru bá pọ̀ jù fún un, ọtí á máa rùn bí ohun tí àwọn ọmọge fi ń kun èékánná, orí á sì máa fọ́ oníbàárà. Tí ẹni yín bá fẹ́ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ ní kó wá kveik. Ìwúkàrà àwọn àgbẹ̀ Norway ni, dígírì 30 sí 40 ò bà á lẹ́rù. Páálí gíráàmù 11 tó fún lítà 20.

Ẹ má ra èyíkéyìí láì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ da ṣíbí tíì kan yíìsì àti ṣíbí ṣúgà kan sínú ààbọ̀ kọ́ọ̀pù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Tí kò bá hó títí ìṣẹ́jú 15, ó ti kú. Èyí tí ẹ bá ti ṣí, ẹ dè é pa kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́, kí ẹ fi sí fíríìjì.

Ẹ má da ìwúkàrà sí omi ọtí gbígbóná, pípa lẹ pa á yẹn. Ẹ jẹ́ kó tutù tí ọwọ́ á fi gbà á. Kẹ́ẹ̀gì tí ọtí ti ń hó, ẹ má dé e pa, kó má baà bẹ́. Ibi tó tutù jù nínú ilé ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ fi aṣọ tútù wé e lára.

Ìmọ̀ràn wa rèé: ẹni tó ń lo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó dáa, kó má fi sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kó fi kẹ́ẹ̀gì kékeré kan dán tuntun wò, kó sì tọ́ ọ wò kó tó fi owó ọjà sí i. Ọjà á tà o.