Ara Ti Yá, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Tíì Da Oògùn Nù

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìyá kan tí a mọ̀ dáadáa bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ló ń tà. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún nígbà tí nọ́ọ̀sì kan wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó sì sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Wọ́n fún un ní oògùn, ó sì lò ó fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀fọ́rí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ, ó ń rí oorun sùn, ara rẹ̀ sì yá. Ló bá sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Ara mi ti dá. Kí ni mo tún ń fi oògùn ṣe?" Bó ṣe pa á tì nìyẹn.

Ọdún méjì kọjá, kò sí nǹkan kan. Ní ọdún kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle bó bá gun àtẹ̀gùn ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú débi pé bàtà kò gbà á mọ́. Bó bá dùbúlẹ̀ lóru, á dà bíi pé ẹnì kan fún un lọ́rùn, àfi kó dìde jókòó kó fara ti ìrọ̀rí. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn kan ní ọjọ́ ogbó ló dé. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà sọ pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Àkọ́bí rẹ̀ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀jẹ̀ ríru la mọ̀ mọ́ màmá wa. Ìgbà wo ló wá di ti ọkàn?"

Ìbéèrè ọmọ yìí ló mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ìdáhùn wà fún un, ìròyìn ayọ̀ sì wà pẹ̀lú. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn dókítà ti dán oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wò lára àwa èèyàn Áfíríkà fúnra wa, wọ́n sì ti rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún wa jù.

BÍ Ẹ̀JẸ̀ RÍRU ṢE Ń BA ỌKÀN JẸ́

Ọkàn tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń ro nǹkan. Ẹran ara ni, ó tó ìkúùkù ọwọ́ ẹni, inú àyà ló wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ gba inú iṣan lọ sí gbogbo ara. Nǹkan bí ìgbà 100,000 ló ń lù lójúmọ́, kò sì ní ọjọ́ ìsinmi.

Ẹ ro ti ọkùnrin tó ń ti ọmọláńkẹ́. Bí ojú ọ̀nà bá tẹ́jú, á ti ẹrù rẹ̀ dé ọjà láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé orí òkè ló ń tì í gùn láràárọ̀, apá rẹ̀ á kọ́kọ́ ki, èèyàn á sì rò pé agbára ló ní. Bó bá yá, agbára á pin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkàn rí. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá fún tó sì le, òkè ni ọkàn ń gùn tọ̀sán tòru. Ẹran ara rẹ̀ á kọ́kọ́ nípọn, lẹ́yìn náà á wá rẹ̀ ẹ́. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀. Ohun tó ṣe ìyá wa yìí nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí kan náà ló ń fa rọpárọsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, òun náà ló ń ba kíndìnrín jẹ́.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé kì í pariwo. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni orí kì í fọ́, tí òòyì kì í kọ́. Nítorí náà, kí ara yá kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́ nìkan ló lè sọ.

Ní ọdún 2012, àwọn dókítà gbé ìwádìí kan jáde lórí 1,006 aláìsàn tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn nítorí pé ọkàn wọn kò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Orílẹ̀-èdè 9 nílẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti wá, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí 45 ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba ọkàn wọn jẹ́. Bí a bá sì pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ọdún 52 péré ni. Ní ilẹ̀ òyìnbó, ọ̀pọ̀ àwọn tí irú èyí ń ṣe ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ ò rí i pé àwọn tiwa kì í tíì dàgbà tán! Ìgbà tí ọmọ ṣì wà ní ilé ìwé, tí gbèsè ilé kò tíì tán, ni àìsàn yìí ń dá wọn dúró.

OÒGÙN TÍ WỌ́N DÁN WÒ LÁRA TIWA

Fún ọdún pípẹ́, ara àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti ń dán ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn oògùn yìí wò. Ní ọdún 2002, ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà tó kó èèyàn tó lé ní 33,000 jọ. Ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tó jẹ́ èèyàn dúdú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé oògùn tí wọ́n ń pè ní lisinopril kò mú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn dúdú wálẹ̀ tó oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀. Rọpárọsẹ̀ sì kọlu àwọn èèyàn dúdú tó lo lisinopril ju àwọn tó lo èkejì lọ. Oògùn kan náà, ṣùgbọ́n kò ṣe fún gbogbo ara bákan náà.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká mọ irú oògùn mẹ́ta tí wọ́n sábà máa ń lò. Àkọ́kọ́ ni amlodipine, tó ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ kí ọ̀nà lè fẹ̀. Èkejì ni irú hydrochlorothiazide àti indapamide, tó ń mú kí kíndìnrín da iyọ̀ àti omi tó pọ̀ jù nù sínú ìtọ̀. Ẹ̀kẹta ni irú perindopril, lisinopril àti telmisartan. Ohun kan wà tí ara ń pèsè tó máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti dí ohun náà lọ́wọ́. Kíndìnrín ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú sì máa ń di iyọ̀ mú gan-an. Ìdí nìyẹn tí irú kẹta yìí, bó bá dá wà, kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára lára wa.

Oògùn kan kì í sábà tó. Èwo nínú wọn ló wá yẹ ká so pọ̀? Ìbéèrè yìí ni àwọn dókítà láti orílẹ̀-èdè 6, ìyẹn Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà, Mòsáḿbíìkì àti Gúúsù Áfíríkà, jọ wádìí. Dókítà Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Bongani Mayosi ti Gúúsù Áfíríkà wà lára àwọn tó ṣáájú. Wọ́n kó èèyàn dúdú 728 jọ, wọ́n sì pín wọn sọ́nà mẹ́ta bí ẹni ṣẹ́ kèké. Àwọn kan lo amlodipine pẹ̀lú hydrochlorothiazide, àwọn kan lo amlodipine pẹ̀lú perindopril, àwọn yòókù lo perindopril pẹ̀lú hydrochlorothiazide. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n de ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá láti wọn ẹ̀jẹ̀ wọn tọ̀sán tòru.

Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Ọ̀nà méjèèjì tí amlodipine wà nínú rẹ̀ borí ẹ̀kẹta, wọ́n fi nǹkan bí 3 sàn jù ú lọ nínú iye òkè tí ẹ̀rọ ń kà. Ẹnì kan lè ní kí ni 3 jẹ́? Lára ẹnì kan, ó kéré. Lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ọ̀pọ̀ ilé ni rọpárọsẹ̀ kò ní wọ̀. Ó ṣeni láàánú pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayosi kú ní oṣù keje ọdún 2018, kò rí ọjọ́ tí iṣẹ́ yìí jáde.

OÒGÙN MẸ́TA NÍNÚ HÓRÓ KAN

Wọn kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 2024, Dókítà Ojji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí mìíràn jáde tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà níbí. Èèyàn 300 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní hóró kan ṣoṣo lójúmọ́, tí telmisartan, amlodipine àti indapamide díẹ̀díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nílẹ̀ wa, tí wọ́n ń fi kún un bó bá ṣe yẹ. Èrò tó wà nídìí hóró kan yìí rọrùn: ẹni mẹ́ta tó jọ gbé ẹrù, kò sí èyí tí ẹrù máa pa. Díẹ̀ nínú oògùn mẹ́ta máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wàhálà tí oògùn ń fà sára kì í sì í pọ̀ tó ti ọ̀pọ̀ oògùn kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, iye òkè ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lo hóró alápapọ̀ náà, bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́ nílé, ti fi 31 wálẹ̀. Ti àwọn yòókù fi 26 wálẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ 82 ti wálẹ̀ sí ibi tó yẹ. Nínú àwọn yòókù, ẹ̀jẹ̀ 72. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí hóró náà.

Àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí 72 yẹn bọ́ lójú yín. Oògùn àtijọ́ tó wà ní ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ni wọ́n lò. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́, wọ́n sì ń padà lọ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Nítorí náà, bí oògùn alápapọ̀ kò bá sí nítòsí yín, ẹ má ṣe jókòó máa retí rẹ̀.

ÀGBO ŃKỌ́?

Àwọn kan á ní, "Ṣebí ewé àti egbò làwọn baba wa ń lò?" A kò ní bú wọn. Igi asofẹ́yẹjẹ tí ẹ mọ̀ nínú igbó, ohun kan tí wọ́n ń pè ní reserpine wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ohun kan náà ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún gbogbo ayé láti àwọn ọdún 1950. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù lára, ó lè mú kí ọkàn ẹni rẹ̀wẹ̀sì gidigidi. Ta ló lè wọn iye tó wà nínú ife àgbo kan? Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ oògùn. Ẹni tó bá da àgbo pọ̀ mọ́ oògùn dókítà láìsọ fún un ń fi ara rẹ̀ tayò.

OHUN TÍ ẸNÌ KỌ̀Ọ̀KAN LÈ ṢE

Bí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún, ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ yín ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bó bá ń tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ lọ rí dókítà.

Bí oògùn bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sọ ọ́. Amlodipine lè mú ẹsẹ̀ wú díẹ̀, perindopril àti lisinopril sì lè fa ikọ́ gbígbẹ. Dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín.

Ẹ̀yin arábìnrin tó lóyún tàbí tó ń retí oyún, ẹ tètè sọ fún dókítà. Perindopril, lisinopril àti telmisartan lè pa ọmọ inú lára.

A mọ̀ pé owó oògùn ti gọbọi. Ẹ sọ fún dókítà pé owó kò tó. Amlodipine àti hydrochlorothiazide ti pẹ́ lóde, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń ṣe wọ́n, wọn kì í sì í wọ́n tó àwọn tuntun. Ẹ dín iyọ̀ àti magí inú ọbẹ̀ kù pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ti inú ilé wa sì ni. Àwọn ará kan máa ń da oògùn nù lẹ́yìn àdúrà. Ẹ jẹ́ ká rántí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí Olúwa ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà. Ẹni tí ara rẹ̀ dá kò ní bẹ̀rù àyẹ̀wò. Bí ẹ bá gbà pé ẹ ti rí ìwòsàn, ẹ gbé ara yín lọ síwájú ẹ̀rọ, kí dókítà sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá kí oògùn dínkù.

Ìyá tí a fi bẹ̀rẹ̀ ti padà sọ́jà. Kò lè gbé ìdì aṣọ mọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a gbé e. Láràárọ̀, ọmọ kékeré ilé á gbé omi àti oògùn wá, á sì fàlà sí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ìyá náà sọ fún wa pé, "Ká ní mo mọ̀ nígbà náà ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ti wá mọ̀ ńkọ́? Ìgbà wo lẹ wọn ẹ̀jẹ̀ yín kẹ́yìn?