Kí Arìnrìn-Àjò Tó Dé Ẹnubodè

Ní ayé àtijọ́, odi ni ó yí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Yorùbá ká. Àlejò kò lè gba ibi tí ó wù ú wọ inú ìlú. Ẹnubodè ni yóò gbà, ibẹ̀ ni yóò sì ti bá oníbodè. Oníbodè a bi í ní ibi tí ó ti ń bọ̀, a bi í ní ẹni tí ó ń wá, a sì gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá ru ọjà. Ẹni tí ọba rán níṣẹ́ a fi ọ̀pá tàbí àmì mìíràn hàn, kí a má baà pè é ní amí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn odi wọ̀nyí ti wó, koríko sì ti bo ojú wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníbodè kò parun. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ayé ni ó ní ẹnubodè tirẹ̀ lónìí, ìbáà ṣe ní etí òkun, ìbáà ṣe ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Òun ni ó ń pinnu àlejò tí yóò wọlé àti ohun tí àlejò náà yóò mú lọ́wọ́. Àwọn àgbà a máa wí pé, "Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ilé ibòmíràn." Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ lo ìsinmi ní òkè òkun fi gbọ́dọ̀ wádìí òfin ìwọ̀lú ibẹ̀ kí ó tó di ẹrù rẹ̀.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ènìyàn rò pé ẹni tí ó ti san owó ọkọ̀ ti ra ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ àdéhùn láàárín èrò àti ọlọ́kọ̀ nìkan; kò de orílẹ̀-èdè kankan lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìjọba a sì máa bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé wá sí ìlú wọn, ilé-iṣẹ́ náà ni ó sì sábà máa ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà. Nítorí náà, kì í ṣe òkè òkun ni a ti ń kọ́kọ́ yẹ ìwé wò. Ní pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà, lójú àwọn tí ó wá sin arìnrìn-àjò, ni òṣìṣẹ́ ọlọ́kọ̀ yóò ti gba ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò, tí yóò sì sọ fún un pé kò lè wọ ọkọ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì lè wọmi, owó ilé ìtura tí ó ti san sílẹ̀ lè bá a lọ, ìsinmi tí ó ti ń retí láti ọdún èṣí yóò sì di ìtìjú.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí arìnrìn-àjò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀. Èkíní: ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè wo ni ó wà lọ́wọ́ òun? Èkejì: ibo ni òun ń lọ, ibo ni òun yóò sì gbà kọjá? Ẹ̀kẹta: kí ni òun ń lọ ṣe níbẹ̀, ọjọ́ mélòó ni òun yóò sì lò? Ìbéèrè kìíní ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá méjì lè jọ máa gbé inú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ọ̀kan máa lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, kí èkejì sì ti gba ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ lọ lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ní Páríìsì, ẹni tí ó ní ti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba físà, èyíinì ni àṣẹ ìwọ̀lú tí a ń lẹ̀ mọ́ inú ìwé ìrìnnà. Èkejì kò nílò físà fún irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ti arákùnrin rẹ̀ ṣe òdiwọ̀n tirẹ̀ yóò ṣìnà, bí wọ́n tilẹ̀ jọ mu ọmú kan náà.

Lẹ́yìn èyí ni kí ó yẹ ìwé ìrìnnà fúnra rẹ̀ wò. Ní ọdún 1920 ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ ní Páríìsì, tí wọ́n sì fi ẹnu kò lórí irú ìwé ìrìnnà kan tí oníbodè gbogbo yóò lè kà: ìwé kékeré olójú-ewé 32. Ìrísí rẹ̀ ti di mímọ̀ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ọjọ́ tí a kọ sínú rẹ̀ dáadáa. Ìwé ìrìnnà lè wà láàyè ní ilé, kí ó sì jẹ́ òkú ní ẹnubodè. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó ń fẹ́ kí ó ku oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, kí ọjọ́ ìwé náà tó pé. Bí ti ẹnì kan yóò bá parí ní oṣù kẹwàá, tí ó sì fẹ́ wọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹjọ, oṣù méjì péré ni ó kù. Wọn kò ní gbà á wọlé. Oníbodè tún lè béèrè ojú-ewé tí a kò tíì lu òǹtẹ̀ sí. Ọmọ kékeré pàápàá ní láti ní ìwé tirẹ̀. Bí òbí kan ṣoṣo bá sì ń mú un lọ, àwọn orílẹ̀-èdè kan a máa béèrè ìwé ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ òbí kejì, nítorí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba nípa físà ni ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n pa bodè àárín ara wọn rẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1985, ní Schengen, abúlé kan ní ilẹ̀ Luxembourg, orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ó tọwọ́ bọ àdéhùn náà. Wọ́n ti di 29 nísinsìnyí. Físà kan ni ọmọ Nàìjíríà ń gbà láti rin gbogbo wọn já, ó sì lè lo tó 90 ọjọ́ nínú 180 ọjọ́. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ pẹ́ sí jù lọ ni yóò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ láti ìgbà tí a ti fún un, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ tí yóò kúrò níbẹ̀. Yóò fi ibi tí yóò wọ̀ sí hàn, yóò fi owó tí yóò ná hàn, yóò sì mú ìwé adójútòfò wá, tí yóò lè san owó ìtọ́jú àìsàn tí kò dín ní 30,000 owó yúrò. Kò lè béèrè ju oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ dúró títí yóò fi ku ọjọ́ tí kò tó 15.

Ọ̀fìn kan wà níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jìn sí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú àdéhùn yìí, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Ireland kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó ní físà Páríìsì kò lè torí rẹ̀ wọ Lọ́ńdọ̀nù, bí ọ̀nà tilẹ̀ kúrú láàárín àwọn méjèèjì. Bí físà rẹ̀ bá sì jẹ́ ti ìwọ̀lé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó sì jáde lọ kí ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù, físà náà ti parí iṣẹ́. Kò lè padà sí Páríìsì, àní bí ẹrù rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀. Ó yẹ kí a ka gbogbo ohun tí a kọ sára físà ní ọjọ́ tí a bá gbà á: orúkọ, ọjọ́, àti iye ìgbà tí a lè wọlé.

Ọ̀nà tí a gbà kọjá náà ní òfin tirẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan lè fẹ́ lọ wo ìlú Salvador ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń sin òrìṣà baba wọn. Ó ti gba físà Bùràsíìlì, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ rẹ̀ yóò bá kọ́kọ́ balẹ̀ ní Páríìsì tàbí Frankfurt, kí ó tó wọ òmíràn, òfin Yúróòpù ní kí ọmọ Nàìjíríà gba físà ìkọjá, bí kò tilẹ̀ ní í jáde kúrò nínú pápá ọkọ̀ rárá, àfi bí ó bá ní irú àwọn ìwé kan tí òfin náà yọ sọ́tọ̀. Kì í ṣe ẹni tí ó ń gbà á lálejò ni ó dí i lọ́nà, bí kò ṣe ẹni tí ó kàn gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá.

Ìlera ni ẹ̀ka mìíràn. Ẹ̀fọn ni ó ń tan ibà pọ́njú kálẹ̀, Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ tí àrùn náà wà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í gba ẹni tí ó ti ibẹ̀ wá láìsí ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní yẹ́lò káàdì. Ìwé ẹ̀rí náà kò ní agbára títí di ìgbà tí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ Ajé tí ó sì fẹ́ rìn ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kan náà ti pẹ́ jù. Tẹ́lẹ̀ rí, ọdún mẹ́wàá ni ìwé náà ń lò, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2016, ó wà títí ayé ẹni tí ó gbà á.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nǹkan kékeré ni ọ̀rọ̀ ìwé yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, arìnrìn-àjò Nàìjíríà 125 ni a dá padà láti Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà, nítorí pé àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kò gba yẹ́lò káàdì wọn gbọ́. Nàìjíríà náà sì dá àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà padà. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà láàárín ìjọba méjì, kí ìjọba Gúúsù Áfíríkà tó tọrọ àforíjì. Àforíjì náà dára, ṣùgbọ́n kò lè dá ọjọ́ tí ó ti lọ padà fún àwọn tí a kọ̀ fún. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ìjọba nìkan ni kí a ti gba abẹ́rẹ́ àti ìwé. Ẹni tí ó ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́ ń tan ara rẹ̀, ó sì ń ba orúkọ gbogbo ará ìlú rẹ̀ jẹ́.

Ta ni kí a wá bi? Kì í ṣe ẹni tí ó lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí òfin a máa yí padà. Ní àkókò kan, ọmọ Nàìjíríà lè lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìkọ́kọ́ gba físà. Ní ọdún 1986 ni ìjọba ibẹ̀ kéde pé àyè náà yóò pin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ilẹ̀ Kẹ́ńyà fi òpin sí físà, ó sì fi àṣẹ ìrìn-àjò orí íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2025, ó tún ti yọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kúrò nínú àwọn tí yóò gba àṣẹ náà. Láàárín ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àdéhùn ọdún 1979 fún àwọn ará ẹgbẹ́ ECOWAS láyè láti lo 90 ọjọ́ láìsí físà, síbẹ̀ ìwé ìrìnnà àti ìwé ìlera ṣì pọn dandan. Mali, Burkina Faso àti Niger sì fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025. Nítorí náà, ilé aṣojú ìjọba ibi tí a ń lọ, tàbí ojú ìwé ìjọba náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni a ti ń rí òótọ́. Ó dára kí a wádìí nígbà tí a bá ń ronú ìrìn-àjò, kí a sì tún wádìí nígbà tí ọjọ́ bá kù díẹ̀. Alágbàtà tí ó ní òun lè gba físà láìsí pé ẹni tí ó ń lọ fi ìwé kankan sílẹ̀, olè ni.

Àní nígbà tí gbogbo ìwé bá pé, oníbodè ṣì lè bi àlejò ní ibi tí yóò wọ̀ sí àti ọjọ́ tí yóò padà. Kò yẹ kí ìbéèrè náà bí ẹnikẹ́ni nínú, nítorí físà kì í gba ẹ̀tọ́ onílé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdáhùn tí ó ṣe ṣókí tí ó sì jẹ́ òtítọ́ ni ó dára jù. Ẹni tí ó ti wádìí kò ní ohun tí yóò máa gbọ̀n fún: ó mọ ohun tí wọn yóò béèrè, ó sì ti mú un lọ́wọ́. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà; ẹni tí ó bá sì bèèrè láti ilé ni ó ń rí ìsinmi nínú ìsinmi rẹ̀.