Ẹ̀pà tó Bu àti Kókó inú Ẹ̀dọ̀: Ẹ̀rí tí Purotéènì Méjì Jẹ́

Ní òpópónà Rye Lane ní Peckham, gúúsù London, ẹ̀pà, èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti àgbàdo jẹ́ ara ohun tí àwọn ọmọ Yorùbá ń rà lọ sílé. Oníbàárà tó mọ ọjà a máa kó ẹ̀pà díẹ̀ sọ́wọ́, a wò ó bóyá ó ti bu, a sì gbóòórùn rẹ̀. Ọgbọ́n àtayébáyé ni. Ìmọ̀ kẹ́míkà fi hàn pé ọgbọ́n náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tó: oró tí fọ́ńgọ́ọ̀sì tú sínú ẹ̀pà lè wà níbẹ̀ kí ojú má rí i, iná ìdáná lásán kò sì lè pa á run.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá oró yìí mọ̀. Ní ọdún 1960, nǹkan bí 100,000 tòlótòló kú níbẹ̀, ẹ̀dọ̀ wọn sì ti bàjẹ́. Nítorí pé a kò mọ ohun tó fà á, wọ́n sọ àìsàn náà ní X. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, inú oúnjẹ wọn ló wà: ẹ̀pà lílọ̀ tó ti Brazil wá. Ní 1961, àwọn onímọ̀ rí i pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kan, *Aspergillus flavus*, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni a ti fa "aflatoxin" yọ. Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe: àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé, ti ka aflatoxin mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, pàápàá ti ẹ̀dọ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ń gbìyànjú láti tú aflatoxin B1 dànù, ó máa ń sọ apá kan rẹ̀ di èròjà mìíràn tó ń lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá bá pàdé, títí kan DNA. Ibì kan tó máa ń bàjẹ́ báyìí ni àpilẹ̀ àbùdá purotéènì p53. Ní 1979, David Lane àti Lionel Crawford ní London wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kéde purotéènì yìí. Ẹ̀ṣọ́ ni: bí DNA sẹ́ẹ̀lì kan bá bàjẹ́, p53 á dá sẹ́ẹ̀lì náà dúró títí a ó fi tún un ṣe, tàbí kí ó jẹ́ kó kú. Ní 1991, ìwádìí méjì lórí kókó ẹ̀dọ̀, ọ̀kan láti Qidong ní Ṣáínà, èkejì láti gúúsù Áfíríkà, rí àbùkù kan náà: lẹ́tà kan ṣoṣo ti yí padà, ó sì ti fi serine rọ́pò arginine ní ipò 249 nínú ásíìdì àmínò 393 tó para pọ̀ di p53. Ẹ̀ṣọ́ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò lè di DNA mú dáadáa mọ́.

Purotéènì kejì ni albumin inú ẹ̀jẹ̀. Aflatoxin a máa lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè jẹ́rìí sí oúnjẹ tí ènìyàn ti jẹ látẹ̀yìnwá. Ìwádìí tó jáde ní 2002 lórí àwọn ọmọdé 480 ní Benin àti Tógò rí àmì yìí lára nǹkan bíi 99 nínú 100 wọn. Àwọn tí tiwọn pọ̀ jù ni ìdàgbàsókè wọn sì falẹ̀ jù.

Aflatoxin nìkan kọ́ ni ọ̀tá. Ìwádìí kan ní Shanghai ní 1992, lára ọkùnrin tó lé ní 18,000, fi hàn pé ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 60 fún ẹni tí aflatoxin àti àrùn mẹ́dọ̀wú B bá jọ wà lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B fi ṣe pàtàkì fún ẹni tí a bí sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bó tilẹ̀ ti pẹ́ ní Peckham. Ilé ìwòsàn King's College, tí ẹ̀ka ìtọ́jú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti wà láti 1966, kò jìnnà sí ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà: Nàìjíríà fi í kún ti ọmọdé ní 2004, Britain ní 2017.

Ní oko, fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ni wọ́n fi ń bá fọ́ńgọ́ọ̀sì jà. Ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ ṣa irú *Aspergillus flavus* tí kì í ṣe oró, wọ́n fi bo ọkà bàbà tí iná ti pa, kò sì lè hù mọ́. Àgbẹ̀ á fọ́n kìlógíráàmù 10 sórí hẹ́kítà kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ohun ọ̀gbìn tó tanná. Aláìlóró á gba ipò olóró. Aflasafe ni wọ́n ń pè é.

Ní ti ẹni tó ń ṣa ẹ̀pà ní Rye Lane, kí ó má ṣíwọ́. Inú hóró díẹ̀ ni oró náà sábà máa ń kóra jọ sí, pàápàá èyí tó bu, tó hunjọ tàbí tó yí àwọ̀ padà. Ẹni tó bá ṣa irú wọn dànù ti dín púpọ̀ kù nínú rẹ̀, kí ẹ̀pà tó dé ẹnu ọmọ.